Ta Ló Kọ́kọ́ Gun Òkè? Ìbéèrè Kan tí A Gbé Lọ sí Ọ̀rà

Ní ìsinmi ọdún Àjíǹde tó kọjá, àwa mẹ́fà tẹ̀lé ọ̀rẹ́ wa kan lọ sí ìlú baba rẹ̀, Ọ̀rà-Ìgbómìnà. Kì í ṣe ìnáwó la bá lọ, kì í sì í ṣe òkú àgbà. A fẹ́ gun òkè ni. Àwòrán àwọn tó ń gun òkè ńláńlá káàkiri ayé ni a ti ń wò lórí fóònù láti ìgbà ìdánwò, ọ̀kan nínú wa sì ní, "Ṣé òkè ò sí nílẹ̀ wa ni?" Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àbúrò bàbá àgbà ọ̀rẹ́ wa ló ṣíwájú wa láàárọ̀ kùtù. Bàbá ti lé ní àádọ́rin ọdún. Àdá wà lọ́wọ́ wọn, sálúbàtà rọ́bà wà lẹ́sẹ̀ wọn. Àwa wọ kànbáàtà olówó iyebíye, a sì gbé omi sínú báàgì. Kí a tó dé ìdajì òkè, àtẹ́lẹ́sẹ̀ bàtà ẹnì kan ti ya, omi ẹni méjì ti tán, Bàbá sì ti dúró dè wá nígbà mẹ́rin. Níbi tí a ti jókòó láti mí, ọ̀kan nínú wa béèrè ìbéèrè tí ó rò pé akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn gbọ́dọ̀ béèrè: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló kọ́kọ́ gun òkè yìí?"

Bàbá wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ọdẹ ni. Ta tún ni? Ṣùgbọ́n òun ò mọ̀ pé òkè lòun ń gùn. Ẹran ló ń lé."

A rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì, ẹni tó gòkè lẹ ń bi mí. Ẹ ò bi mí ní ẹni tó sọ̀kalẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn wà."

Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń yí wa nínú. Nígbà tí a padà dé iléèwé, a bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìtàn òkè wò, ti ilẹ̀ òkèèrè àti tiwa. Ohun tí a rí ni pé ọ̀rọ̀ Bàbá kì í ṣe àwàdà. Ìtàn òkè tí ayé ń kọ sínú ìwé, ìtàn ìgòkè ni. Ìtàn òkè tiwa, ìtàn ìsọ̀kalẹ̀ ni. Ẹni tó bá fi ìbéèrè ti àkọ́kọ́ wá èkejì kò ní rí i.

Níbo ni Ọ̀rà wà?

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, Ọ̀rà wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́dayọ̀, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní igun tí Ọ̀ṣun ti fẹ́ fara kan Èkìtì àti Kúwárà. Òkè-Ìlá Ọ̀ràngún ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà. Akẹsin ni oyè ọba Ọ̀rà. Bí a bá ti ń kúrò ní Ìlá Ọ̀ràngún tí a dorí kọ Òkè-Ìlá ni òkè ti ń yọrí sí wa lọ́tùn-ún lósì, òkè gígùn gígùn tó tò tẹ̀ lé ara wọn. Àárín irú òkè bẹ́ẹ̀ ni ìsun omi Ayikunnugba ti ń já wálẹ̀ ní Òkè-Ìlá, tí àwọn èèyàn ń lọ wò.

Ìgbómìnà ni wọ́n, ọ̀rọ̀ ọ̀nà sì wà nínú orúkọ náà gan-an. Ìtàn àwọn àgbà sọ pé nígbà tí Ọ̀ràngún àkọ́kọ́ kúrò ní Ifẹ̀, àdá kan tí wọ́n ń pè ní ogbó ló ń fi ọ̀nà hàn án nínú igbó. "Ogbó mọ̀nà" ni wọ́n ní ó di Ìgbómìnà. Nígbà tí Bàbá ń fi àdá wọn ṣán ewéko níwájú wa ní ọjọ́ náà, ọ̀rẹ́ wa rán wa létí ìtàn yìí, gbogbo wa sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti gba ọ̀nà yẹn. Bí kò bá sí àdá àti ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, a ò bá má rí ọ̀nà rárá.

Ká sòótọ́, òkè tí a gùn kò ga lójú ayé. Ilẹ̀ Yorùbá kò ní òkè tí yìnyín ń bọ̀ lórí. Òkè tó ga jù ní Nàìjíríà ni Chappal Waddi, ní ìpínlẹ̀ Tàràbà, lẹ́bàá ẹnubodè Kamẹrúùnù. Gíga rẹ̀ jẹ́ 2,419 mítà. Tí a bá fẹ́ rí òkè tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, a ní láti sọdá ẹnubodè. Ẹ jẹ́ ká sọdá fún ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìbéèrè "ta ló kọ́kọ́" ti gbilẹ̀.

Àwọn tó ń ka ẹni àkọ́kọ́

Kilimanjaro, ní Tanzania, ni òkè tó ga jù ní Áfíríkà: 5,895 mítà. Ní 1848, ajíhìnrere ará Jámánì kan, Johannes Rebmann, rí ohun funfun lórí òkè náà, ó sì kọ ìwé sílé pé yìnyín ni. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní Lọ́ńdọ̀nù kò gbà. Wọ́n ní báwo ni yìnyín yóò ṣe wà ní ilẹ̀ tó sún mọ́ agbedeméjì ayé tó báyìí? Ó gbà wọ́n ní ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó gbà á gbọ́. Àwọn ará Chagga tí wọ́n ń gbé lẹ́sẹ̀ òkè náà, tí wọ́n ń fi omi rẹ̀ bomi rin ọgbà ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọn, kò nílò ẹ̀rí kankan. Ṣùgbọ́n wọn ò bi àwọn yẹn.

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá ọdún 1889, Hans Meyer, ará Jámánì, àti Ludwig Purtscheller, ará Austria, dé ṣóńṣó orí rẹ̀. Meyer fi orúkọ ọba Jámánì, Kaiser Wilhelm, sọ ṣóńṣó náà. Orúkọ àwọn méjèèjì ni ìwé gbé. Àwọn alárù tó gbé àgọ́ àti oúnjẹ, àwọn amọ̀nà tó mọ ibi tí omi wà, wọ́n wà nínú ìtàn bí ẹrù ṣe wà nínú ìtàn. Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ní 1989, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bu ọlá ńlá fún bàbá arúgbó kan tó jẹ́ ará Chagga, Yohani Kinyala Lauwo, pé ó wà lára àwọn amọ̀nà àtijọ́ náà.

Ó rí bẹ́ẹ̀ ní Kamẹrúùnù tó wà nítòsí wa. Òkè Cameroon ga ju 4,000 mítà lọ, ó sì tún jẹ́ òkè tó ń yọ iná. Richard Burton gùn ún láàárín ìparí 1861 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1862. Mary Kingsley náà gùn ún ní 1895. Àwọn Bakweri tí wọ́n ń gbé lẹ́sẹ̀ òkè náà gbà pé Epasa Moto ló ni ín, ẹ̀dá kan tí apá kan rẹ̀ jẹ́ èèyàn, tí apá kejì jẹ́ òkúta. Ẹni tí kò bá fẹ́ lọ dá onílé láàmú lórí òkè, ṣé ojo ni? Nílẹ̀ wa, ta ni yóò kan dìde lọ sí ojúbọ láìbi àwòrò?

Òkè Everest ńkọ́, tó ga jù láyé, 8,849 mítà? Àwọn ará Tibet ń pè é ní Chomolungma kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó fi orúkọ George Everest sọ ọ́ ní 1865. Nígbà tí Tenzing Norgay àti Edmund Hillary dé orí rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kárùn-ún ọdún 1953, ayé ò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Nínú àwọn méjèèjì, ta ló kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́? Wọ́n fi okùn kan náà so ara wọn, síbẹ̀ ìbéèrè kò tán. Nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1955, Tenzing sọ pé Hillary ló fi ìgbésẹ̀ díẹ̀ ṣíwájú òun. A fojú inú wo Bàbá bí wọ́n bá gbọ́ èyí. Èèyàn méjì so mọ́ okùn kan, ẹ wá ń béèrè ta ló ṣáájú?

A kò sọ pé kò tọ́ láti gun òkè, a ò sì sọ pé kò tọ́ láti yangàn. Nígbà tí ilẹ̀ Tanganyika gba òmìnira ní ọjọ́ 9 oṣù kejìlá ọdún 1961, ọmọ ogun wọn kan, Alexander Nyirenda, gbé àsíá àti iná lọ sí orí Kilimanjaro. Wọ́n yọ orúkọ Kaiser kúrò, wọ́n sì pe ṣóńṣó náà ní Uhuru, ìyẹn Òmìnira. Ní 2003, Sibusiso Vilane tó wá láti gúúsù Áfíríkà di ọmọ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó dé orí Everest. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ìgòkè ni gbogbo rẹ̀. Ìwé máa ń parí sí orí òkè, bí ẹni pé àwọn èèyàn náà kò padà sílé mọ́.

Àwọn tó sọ̀kalẹ̀

Ẹ jẹ́ ká wálé wàyí. Kí ni ìtàn àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa nípa Odùduwà? Ìtàn kan ní ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi rọ̀ ọ́ sílẹ̀ láti ọ̀run. Ìtàn Ifẹ̀ mìíràn ní orí òkè kan tí wọ́n ń pè ní Òkè Ọ̀rà, nítòsí Ilé-Ifẹ̀, ni òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti wá. Ẹ má pa òkè yẹn pọ̀ mọ́ ìlú tí a lọ o, bí orúkọ wọn tilẹ̀ jọra. Ohun tó kàn wá ni pé nínú ìtàn méjèèjì, sísọ̀ ni baba wa sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ẹni tó béèrè bó ṣe gòkè.

Ìbàdàn ńkọ́? Ìtàn sọ pé nígbà tí wọ́n tú ìlú Lágelú ká, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ sá lọ sórí òkè. Èso òro àti ìgbín ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀, ìkarahun ìgbín ni wọ́n sì fi ń mu ẹ̀kọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ̀kalẹ̀ wá tẹ ìlú mìíràn dó. Títí dòní, ọdọọdún ni Ìbàdàn ń ṣọdún Òkèbàdàn láti rántí òkè tó gbà wọ́n là. Ẹ wo orúkọ àdúgbò wọn pẹ̀lú: Òkè-Àdó, Òkè-Bọ́lá, Òkè-Fọkọ́. Ẹni tó ń wọ mọ́tò lọ sí Òkè-Àdó lónìí kò rántí pé òkè lòun ń pè.

Àwọn Ẹ̀gbá náà ní tiwọn. Nígbà tí ogun fọ́ àwọn ìlú wọn, Ṣódẹkẹ́ kó wọn dé ẹsẹ̀ Olúmọ ní 1830. Ihò àpáta yẹn ṣe ilé fún wọn, ó ṣe odi fún wọn. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì gbógun wá ní 1851, tí wọ́n tún wá ní 1864, ìlú tó tẹ̀dó sábẹ́ òkúta yẹn kò fọ́. Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbá kò jókòó sínú ihò. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti jáde láti kọ́ Abẹ́òkúta.

Ìdánrè ló yà wá lẹ́nu jù. Kì í ṣe pé àwọn yẹn sá lọ sórí òkè fún ọdún kan tàbí méjì. Ìlú odindi wà lórí òkè fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ààfin Ọwá àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, ilé ẹjọ́ àtijọ́ wà níbẹ̀, ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn wà lára àpáta. Nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún tó kọjá, ni ìlú kó sọ̀kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Lónìí, arìnrìn-àjò á sanwó, á gun àtẹ̀gùn tó lé ní 660, á ya fọ́tò, á ní òun ti ṣẹ́gun òkè Ìdánrè. Òkè tí ìyá arúgbó ti pọn omi gùn! Òkè tí aboyún ti bímọ sí!

Nínú gbogbo ìtàn wọ̀nyí, ta ló lọ sókè kí wọ́n lè sọ pé ó lọ? Kò sí. Ogun ló lé àwọn kan lọ. Ọdẹ lé ẹran lọ. Abọrẹ̀ lọ bọ òrìṣà. Òkè jẹ́ ibi ààbò nítorí pé ẹni tó wà lókè máa ń rí ọ̀tá kí ọ̀tá tó rí i, ẹṣin kò sì lè sáré gun àpáta. Ìyẹn ṣe pàtàkì fún àwọn Ìgbómìnà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun Ìlọrin, ti Tápà àti ti Ìbàdàn ń dé bá wọn láti ọ̀nà oríṣiríṣi. Àwọn ẹlẹ́ṣin ni agbára Ìlọrin àti Tápà.

Ẹ wo ogun Kírìjí náà. Ìbàdàn dojú kọ Èkìtìparapọ̀ láti 1877 títí dé 1893. Ìlá àti àwọn Ìgbómìnà wà lára àwọn tó dúró ti Èkìtìparapọ̀. Àárín òkè, láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, ni ojú ogun wà, kò sì jìnnà sí ilẹ̀ Ìlá àti Ọ̀rà. Wọ́n ní ìró ìbọn tó ń dún láti òkè dé òkè ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ. Ní 1886 wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà, ṣùgbọ́n ọdún 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú àgọ́ wọn ká. Àgọ́ tí àwọn jagunjagun ti gbé fún ọdún mẹ́rìndínlógún ti di ìlú kó tó di ọjọ́ náà: wọ́n ti fẹ́yàwó níbẹ̀, wọ́n ti bímọ níbẹ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ ni àlàáfíà. Nígbà tí ogun dúró, tí títì, ọjà, iléèwé àti owó orí dé, èèyàn kò rí ìdí tí òun yóò fi máa pọn omi gun àpáta mọ́.

Oògùn òkè

Nígbà tí a ń kà nípa àwọn òkè gíga, a rí ohun kan tó bá ọ̀rọ̀ Bàbá mu gan-an. Bí a bá ti ń gòkè ni òtútù ń pọ̀ sí i. Bí ẹgbẹ̀rún mítà kan bá ti lọ, ooru máa ń fi nǹkan bíi dígírì mẹ́fà àbọ̀ dín kù. Afẹ́fẹ́ náà á máa fẹ́lẹ́ sí i. Lórí Kilimanjaro, ọ́síjìn tí èèyàn ń rí mí sínú kò ju nǹkan bí ìdajì èyí tó ń mí ní Èkó lọ. Lórí Everest, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta. Orí á máa fọ́ èèyàn, èébì á máa gbé e, oorun ò ní wá. Bí kò bá tètè wá nǹkan ṣe sí i, omi lè kún ẹ̀dọ̀fóró tàbí kí ọpọlọ wú. Agbára kì í yọ èèyàn nínú rẹ̀, ìgbà èwe kì í yọ ọ́. Ẹni tó ń sáré jù ló sábà máa ń mú.

Kí ni ìtọ́jú rẹ̀? Oògùn wà, ọ́síjìn inú ike náà wà. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú tí gbogbo amọ̀nà mọ̀, tí gbogbo dókítà fọwọ́ sí, kò ju ẹyọ kan lọ: sọ̀kalẹ̀. Sọ̀kalẹ̀ kíá, má dúró dọ̀la. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa tún máa ń sọ pé ìdajì ọ̀nà ni ṣóńṣó òkè, nítorí pé ìgbà tí wọ́n bá ń padà bọ̀, tó ti rẹ̀ wọ́n, tí inú wọn ti dùn jù, ni ọ̀pọ̀ jàǹbá máa ń ṣẹlẹ̀.

A rí òtítọ́ èyí ní Ọ̀rà, bí òkè tiwa tilẹ̀ kéré. Gígùn rẹ̀ gba èémí wa, ṣùgbọ́n sísọ̀ ló gba orúnkún wa. Ẹni tó ń yangàn lókè ni ó fi ìdí wọ́ sílẹ̀ níbi tí òkúta ti ń yọ̀. Bàbá kò yà sí i. Wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rìn, wọ́n ń tẹ ẹsẹ̀ wọn mọ́lẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n sì ń sọ fún wa pé, "Ẹ fi ẹsẹ̀ bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀."

Àwa tí a ń ka Fágúnwà ní kíláàsì yẹ kí a ti mọ èyí. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, tó jáde ní 1938, àwọn ọdẹ rin ìrìn-àjò lọ sí Òkè Lángbòdó. Kì í ṣe nítorí pé òkè náà ga ni wọ́n ṣe lọ. Ọba wọn ló rán wọn. Ohun kan ni wọ́n fẹ́ gbà bọ̀ tí yóò ṣe ìlú láǹfààní. Bí wọ́n bá dé Lángbòdó tí wọn ò padà délé, òfo ni ìrìn-àjò náà. Ọmọ Òkè-Igbó ni Fágúnwà fúnra rẹ̀. Ó mọ ohun tí òkè jẹ́ fún Yorùbá.

Kí ni orúkọ òkè yẹn?

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀rà tí a kò lè fi pamọ́ fún yín. Nígbà tí a dé òkè, tí a rí òrùlé páànù ìlú nísàlẹ̀, a fẹ́ kọ orúkọ òkè náà sábẹ́ fọ́tò wa. A yíjú sí ọ̀rẹ́ wa tó jẹ́ ọmọ ìlú. Kò mọ̀ ọ́n. Abẹ́ òkè yẹn ni ó ti máa ń lo ìsinmi rẹ̀ láti kékeré. Ó lè sọ gíga Everest fún yín láìwo ìwé. Ojú tì í, ó sì rẹ́rìn-ín láti fi bo ojú.

Bàbá ló sọ orúkọ náà fún un. Kì í ṣe orúkọ kan ṣoṣo. Òkè lápapọ̀ ní orúkọ, èjìká rẹ̀ lápá ọ̀tún ní orúkọ, ibi tí omi ti ń sun nígbà òjò ní orúkọ, àpáta tí a jókòó lé lórí gan-an ní orúkọ. Bí wọ́n ti ń dárúkọ ni wọ́n ń sọ ìdí: oko ta ló wà níbí, ta ló bọ́ síbẹ̀ nígbà kan, ewé wo ni wọ́n ń wá já níbẹ̀. Òwe wa ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọjọ́ yẹn ni òwe náà yé wa.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá sọ pé àwọn mélòó kan péré ló ṣẹ́ kù tó mọ àwọn orúkọ yìí. Àwọn ọmọ wọn wà ní Èkó. Ọ̀kan ti lọ sí òkè òkun. A wo ara wa. Àwọn baba sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè wá sí ẹ̀bá títì. Àwọn ọmọ gba títì lọ sí Èkó. Àwa ń múra láti jápa sí òkè òkun. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀; olúkúlùkù ń wá ibi tó sàn. Ṣùgbọ́n ní ìpele kọ̀ọ̀kan ni a ń fi orúkọ díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dun àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nìyí. Nígbà tí Meyer sọ ṣóńṣó Kilimanjaro ní orúkọ ọba rẹ̀, a lè bínú, a lè ní ó gba orúkọ olórúkọ. Àwọn Tanganyika sì gba tiwọn padà. Òkè Ọ̀rà tiwa yìí ńkọ́? Òyìnbó kankan kò wá yí orúkọ rẹ̀ padà. Kò sí ẹni tí a ó bá jà. Àwa fúnra wa ni a kò béèrè. Bí Bàbá bá lọ, tí àwọn méjì mẹ́ta tó kù bá lọ, òkè náà yóò kàn di "òkè" lásán. Nígbà tó bá yá, ẹnì kan yóò gùn ún, yóò sì kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé òun lẹni àkọ́kọ́. Kò ní sí ẹni tí yóò lè jà á níyàn.

A kọ àwọn orúkọ náà sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, a sì gba ohùn Bàbá sórí fóònù pẹ̀lú àṣẹ wọn. A kò tẹ̀ wọ́n jáde síbí. Bàbá ní àwọn orúkọ kan wà níbẹ̀ tí wọn kì í ké sí gbangba kí wọ́n tó bi àwọn tó ni ín, a sì gbà. Ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ wa. Òun ló ni wọ́n.

Nígbà tí a padà dé ilé, àsálẹ́ ti ń lẹ́. Ìyá ti ro ẹ̀kọ, ẹ̀fọ́ ti wà nílẹ̀. Ẹnì kan nínú wa na ẹsẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Bàbá, a dúpẹ́ o. A gun òkè lónìí."

Bàbá ń bọ́ sálúbàtà wọn lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní, "Ìsinsìnyí tí ẹ délé yìí ni ẹ gùn ún."

Bí ẹ bá lọ sílé ní ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ wo òkè tó wà lẹ́yìn ìlú yín. Kò dandan kí ẹ gùn ún. Ẹ kàn bi àgbà kan ní orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì bi í ní ẹni tó sọ̀kalẹ̀ láti orí rẹ̀.